Ohun Tí A Hú Ní Balùwẹ̀ Màmá Helen

Omi kò fẹ́ jáde mọ́ ní balùwẹ̀ Màmá Helen. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá wẹ̀ níbẹ̀, omi ọṣẹ á dúró dé ọrùn ẹsẹ̀, á máa wo onítọ̀hún lójú. Bí ó bá wẹ̀ láàárọ̀, ó di ọ̀sán kí ilẹ̀ tó hàn. Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún tí mò ń wí yìí, ìyẹn ọdún kọkànlá tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, Màmá yọ̀ nínú omi náà, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì yẹ̀. Àwọn tó ń to eegun ní Àrán-Ọ̀rin dì í, ó san, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti gbọ́.

Ambrose ni ọmọ náà. Báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Ó wá sílé, ó wo balùwẹ̀, ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó ní, "Màmá, ó tó gẹ́ẹ́. Bí mo bá dé ní Sátidé ọdún Àjíǹde, ẹ ó bá mi lọ sí Kàdúná."

Màmá ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Kàdúná? Kí n máa jókòó sínú yàrá bí ẹrù tí olówó rẹ̀ kò tíì wá gbé?"

"Ẹ ó máa fi omi tó ń ṣàn wẹ̀."

"Ta ló sọ fún ọ pé omi kì í ṣàn l'Ésìẹ́?"

"Màmá, ẹ wo ilẹ̀."

Màmá kò wo ilẹ̀. Èmi ló wò. Mo wà níbẹ̀ nítorí pé èmi ni wọ́n máa ń pè nígbàkúùgbà tí ògiri ilé náà bá lanu.

Fulera ni orúkọ mi, ọmọ Ràfátù, ìyá Abdulrasaq. Ìyá Kọ́ńkéré ni wọ́n ń pè mí nílùú. Àwọn kan fi ń bú mi, àwọn kan fi ń yìn mí, mo ń dá gbogbo wọn lóhùn. Ìyá mi ló ń pa ilẹ̀ ilé fún àdúgbò wa nígbà tí amọ̀ ṣì ni gbogbo ilẹ̀. Á lù ú, á da ìgbẹ́ màlúù pọ̀ mọ́ omi ewé, á fi àtẹ́lẹwọ́ ra á títí yóò fi dán. Mo bá a ṣe é títí mo fi lọ sílé ọkọ ní Òwu-Ìsin. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ọkọ mi náà kú, mo sì padà wálé. Mo bá a pé kò sí ẹni tó ń pa ilẹ̀ mọ́, sìmẹ́ńtì ló gbòde. Mo bá àwọn bíríkìlà ru omi, mo bá wọn ru yanrìn, mo sì ń wo ọwọ́ wọn. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Nígbà tí mo wá mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n ní obìnrin kì í ṣe bíríkìlà. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú ilé tí mo ṣe wó ná. Kò tíì sí èyí tó wó. Ara àpò sìmẹ́ńtì náà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ dídùn kí ó kọjá sí ilé kejì.

Mo sọ fún Ambrose pé, "Bùrọ̀dá, ẹ fún mi ní àyè. N ó hú ihò omi yẹn, n ó fi òmíràn sí i."

Ó ní, "Ìyá Abdulrasaq, ẹ má bínú o. Iṣẹ́ púlọ́ńbà nìyí."

"Púlọ́ńbà ti Ọ̀mù-Àrán wá lẹ́ẹ̀mejì. Ó ki wáyà bọ ihò, ó yọ ọ́, ó jẹ iyán Màmá, ó lọ."

Màmá ní, "Ó sì jẹ ẹran pẹ̀lú."

Ambrose rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Bí mo bá dé tí omi ṣì ń dúró lórí ilẹ̀ yìí, Màmá ń bá mi lọ."

"Bí kò bá dúró ńkọ́?"

"Bí kò bá dúró, kí wọ́n jókòó sílé wọn."

Màmá di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Èyí dára lójú mi ju kí ó gbàdúrà gígùn lé mi lórí.

Kí n sọ bí ilé náà ṣe rí, kó lè yé yín. Bàbá Lawrence, ọkọ Màmá tó bí Ambrose, ló kọ́ ọ ní ọdún tí a gba òmìnira. Ìdí òkè ló kọ́ ọ sí. Bí o bá dúró lójú títì, ilé ilẹ̀ lásán ni wàá rí. Bí o bá gba ẹ̀yìn, wàá rí i pé yàrá mẹ́ta tún wà nísàlẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ wọnú òkè. Abẹ́ ilé ni a ń pè é. Ibẹ̀ ni Màmá ń gbé látìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti kọ àtẹ̀gùn, ibẹ̀ sì ni balùwẹ̀ wà, ògiri kan ló là á pẹ̀lú yàrá rẹ̀. Sìmẹ́ńtì pupa ni ilẹ̀ balùwẹ̀ náà, ó tẹ́jú bí tábìlì, ó ń dán. Bàbá Lawrence fẹ́ràn kó máa mú àlejò lọ wò ó. Á na ọ̀pá sí ihò tó wà láàárín, tí asẹ́ irin wà lójú rẹ̀, á ní, "Bíríkìlà tó ti Ìbàdàn wá, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó, ló ṣe ihò omi yìí." Mo gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá kó tó kú. Gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ọdún Àjíǹde, mo mú Sàlíhù dání, a lọ. Sàlíhù jù mí lọ ní ọdún mẹ́wàá. Òun ló ń bá mi fọ́ òkúta, ẹnu rẹ̀ sì mú ju òòlù rẹ̀ lọ. A ti ra páìpù oníike láti Ọ̀mù-Àrán, àti ihò omi tuntun tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ kọ́dọrọ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ. Omi díẹ̀ máa ń dúró nínú ọrùn náà, kò sì ní jẹ́ kí òórùn inú páìpù padà wọlé. Èrò mi ni pé páìpù irin lásán ni bíríkìlà Ìbàdàn rì sábẹ́ ilẹ̀, pé ó ti dípẹtà. A ó yọ ọ́, a ó fi tuntun sí i, ó parí.

Sàlíhù fọ́ ilẹ̀ pupa yí asẹ́ náà ká. Ó kó àfọ́kù rẹ̀ sápá kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa yẹ̀pẹ̀. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń sẹ́ yanrìn.

Ó pè mí. "Ìyá Kọ́ńkéré, wá wo nǹkan."

"Kí ni?"

"Mo ní kí o wá wò ó. Kì í ṣe nǹkan tí a ń pariwo."

Mo wọlé. Nínú kòtò tó wà, orí kan yọ síta. Ó rí roboto, ó rí bí eérú, fìlà wà lórí rẹ̀. Ó ní etí kan. Imú rẹ̀ gùn, ó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ilà tínínrín sì kún gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n tẹ̀ bí oṣù tuntun.

Mo ní, "Òkúta ni."

Sàlíhù ní, "Òkúta wo ló ní imú?"

Ó rọra gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ fìlà orí tirẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìlú mìíràn ni, wọn ì bá fi ọkọ́ gbé e jù sígbó. Ṣùgbọ́n Èsìẹ́ nìyí. Gbogbo ọmọ ìlú wa ló mọ àwọn ère òkúta tí wọ́n bá nínú igbó wa, tí ìjọba kọ́lé fún, tí àwọn òyìnbó ń wá wò. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹni tó bá rí orí òkúta nínú ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, kí ó lọ pe àgbà. Èmi náà, àyà mi já. N kò ní purọ́ fún yín.

Mo sọ fún Sàlíhù pé kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó ní òun gbọ́. Kí oòrùn tó dé àárín orí, ẹ̀yìnkùlé ti kún.

Tíṣà Barnabas ló ṣíwájú wọn. Ó ti fẹ̀yìn tì ní ilé ìwé, àbúrò ọkọ Màmá ni, kò sì sí ìpàdé tó ń parí kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó wo inú kòtò. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó wá kọjú sí àwọn èèyàn.

"Ẹ̀yin ará! Ẹ̀yin àṣẹ̀ṣẹ̀yọ òwúrọ̀ ìlú wa! Lónìí, ìtàn tó ti sùn láti ayébáyé jí lójú oorun rẹ̀! Ẹ wo ilà ojú yìí. Ẹ wo bí ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ṣe fín in, tínínrín-tínínrín, bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ kọ̀wé. Lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ni ọlá wà tí a kò mọ̀!"

Obìnrin kan ní, "Tíṣà, akọ ni tàbí abo?"

"Ìyẹn yóò di mímọ̀ nípa ìwádìí ìjìnlẹ̀."

Sàlíhù ní, "Bó bá jẹ́ abo ni, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan o. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n ti ń bọ́ṣọ lé e lórí."

Ẹ̀rín bú. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun yóò kọ lẹ́tà sí ìjọba ní Ìlọrin ní ọjọ́ náà gan-an. Ó ní títí wọn yóò fi rán ènìyàn wá, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ìka kan kòtò náà.

Mo bi í pé, "Nígbà wo ni wọn yóò wá?"

"Ó lè tó oṣù kan. Ó lè tó mẹ́ta. Ìyá Abdulrasaq, ìtàn kì í kánjú."

Màmá Helen ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ látàárọ̀. Ó ní, "Tíṣà, níbo ni n ó ti máa wẹ̀?"

"Ìyàwó wa, kí ni ìwẹ̀ jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn?"

"Ìwọ wẹ̀ láàárọ̀ yìí, àbí o ò wẹ̀?"

Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gba ti Tíṣà. Wọ́n tẹ́ ẹní bo kòtò. Olúkúlùkù lọ sílé. Màmá dìde, ó di ògiri mú, ó wọ yàrá. Mo gbọ́ tí ó fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń ka aṣọ tí yóò kó lọ sí Kàdúná.

Ìró àpótí yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo lọ bá Màmá. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò ní fi irin kàn án."

Ó ní, "Ilé mi ni. Wò ó."

Mo ká ẹní. Mo kúnlẹ̀. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé kékeré wọlé, ó sì bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ nǹkan náà. Mo wo àwọn ilà tí Tíṣà ní àwọn baba ńlá wa fín. Wọ́n tẹ̀ bí oṣù, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n sì wọnú ara wọn. Mo ní lọ́kàn ara mi pé mo ti rí èyí rí. Kì í ṣe nínú igbó ère. Ilẹ̀ ilé wa ni mo ti rí i, nígbà tí mo ṣì ń dojú bolẹ̀ sùn lórí rẹ̀.

Èèyàn tó bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yí ni ilà rẹ̀ ṣe ń tẹ̀. Ìka mẹ́rin ló ń fa ilà mẹ́rin. Ilà tó wà lára nǹkan yìí kò pé mẹ́rin. Méjì lọ papọ̀, àlàfo kan tẹ̀lé e, ọ̀kan tún wà lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀ rí. Méjì, àlàfo, ọ̀kan.

Ìka tó tẹ̀ lé èyí tó kéré jù lọ́wọ́ ọ̀tún ìyá mi kì í kan ilẹ̀. Ọmọ odó ló fọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì gan sókè títí wọ́n fi sin ín. Nílé wa, a máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A máa ń ní ìka yẹn ni ọ̀lẹ inú wọn.

Mo gbé ìka tèmi kan sókè, mo fi mẹ́ta tó kù lé ojú ilà. Wọ́n wọ̀ ọ́.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀. Mo ké sí Màmá, kò sì jẹ́ ohùn rere. "Màmá! Ta ló ṣe ihò omi yìí?"

Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọwọ́ mi níbi tó wà.

Mo ní, "Bíríkìlà Ìbàdàn ni?"

Ó ní, "Bíríkìlà Ìbàdàn tẹ́ ilẹ̀, ó tẹ́ ẹ gbọọrọ bí tábìlì, nítorí pé Bàbá Ambrose ní òun fẹ́ ilẹ̀ tí ẹyin kò ní yí lórí rẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wẹ̀ níbẹ̀, omi ò lọ síbì kan. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí a ṣílé. Ìyá rẹ ni mo lọ bá."

"Ràfátù?"

"Ràfátù méjì wo ni mo tún mọ̀? Ó wá ní ọjọ́ tí Bàbá Ambrose kò sí nílé. Ó gbé ìkòkò ńlá kan wá. Ó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi páìpù sí i, ó fi sìmẹ́ńtì pa gbogbo ara rẹ̀ láti ìta bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ. Ó dúró kó gbẹ, ó fi àfọ́kù òkúta há a sínú ilẹ̀. Ìkòkò gbẹnu sókè, omi ń wọ̀ ọ́, ó ń gba páìpù lọ. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lóṣooṣù, kí n máa kó ẹrẹ̀ rẹ̀."

"Ẹ sì ń kó o?"

"Mo ń kó o, títí Bàbá Ambrose fi ní ojú ìkòkò nínú ilé alájà kò bójú mu. Ó fi asẹ́ irin bò ó, ó fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ pa. Ó ní kí n má jẹ́ kí aráyé gbọ́ pé obìnrin apalẹ̀ ló tún ilé òmìnira òun ṣe." Ó wo inú kòtò. "Mo gbà fún un. Fulera, mi ò yẹ kí n gbà fún un. Ó ti kú, mi ò sì sọ ọ́ síbẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára láti má sọ ọ́."

"Àná ńkọ́, nígbà tí Tíṣà ń pariwo?"

"Mi ò rí inú kòtò láti orí àga mi. Wọ́n ní orí èèyàn ni. Èmi sì mọ̀ pé ìkòkò ni mo sin."

Inú bí mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ tó le sí i. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó yẹ̀, mo rò ó pé ìwà ìtìjú ọkọ rẹ̀ ti fi ìyà jẹ òun fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kí aráyé mọ ẹni tó ṣe ihò náà, wọn ì bá má fi asẹ́ lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹrẹ̀ ì bá má kún un. Màmá ì bá má ṣubú.

Mo ní, "Ẹ ó sọ ọ́ lónìí."

Ó ní, "N ó sọ ọ́."

Mo rán Sàlíhù sí Tíṣà. Mo mọ̀ pé bí Sàlíhù bá pe ẹnì kan, ogójì ni yóò wá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Tíṣà dé pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ lọ́wọ́, ojú ìwé mẹ́ta, ó ti kọ gbogbo rẹ̀ tán.

Mo fa asẹ́ irin tí a ń pè ní fìlà yọ níwájú wọn. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo ki ọwọ́ bọ orí nǹkan náà dé ìgúnpá.

Obìnrin kan fi igbe ta. Tíṣà ní, "Ìyá Abdulrasaq! Ọpọlọ baba ńlá wa lo ki ọwọ́ bọ̀ yẹn!"

Mo ní, "Ẹ wò ó, ọpọlọ rẹ̀ nìyí." Mo sọ ẹrẹ̀ dúdú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo tún kó òmíràn. Irun wà nínú rẹ̀, àjákù kàn-ìn-kàn-ìn wà níbẹ̀, bọ́tìnì méjì, àti ọṣẹ kan tó ti le bí èkùrọ́.

Sàlíhù ní, "Baba ńlá wa yìí mà mọ́ tónítóní o. Ọṣẹ ló ń jẹ."

Nígbà tí ọwọ́ mi kan ìsàlẹ̀, mo ki igi bọ imú gígùn náà láti ẹ̀yìnkùlé, mo tú u. Páìpù irin ni imú náà, etí ìkòkò sì ni etí rẹ̀. Mo ní kí Sàlíhù lọ dúró níbi tí ojú páìpù ti yọ síta. Mo bu omi sínú igbá, mo fi eérú sí i kí gbogbo ènìyàn lè rí i, mo dà á sórí ère. Bí ìyá mi ṣe máa ń dán ilẹ̀ wò nìyẹn. Á da omi eérú sí i, á jókòó, á máa wò ó. Ó máa ń sọ pé ẹnu èèyàn lè yí padà, omi kì í yí padà.

A dúró.

Sàlíhù pariwo láti ẹ̀yìnkùlé, "Ó ti dé o! Baba ńlá wa tọ̀!"

Ẹ wo ẹ̀rín. Àwọn kan di ògiri mú. Tíṣà pàápàá gbé lẹ́tà rẹ̀ bojú, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì.

Màmá Helen wá dìde dúró. Kò na ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ìkòkò ni. Ràfátù ìyá Fulera ló ṣe é ní ọdún òmìnira. Bíríkìlà Ìbàdàn kò ṣe é. Ọkọ mi parọ́, èmi sì dákẹ́. Ẹ wo ilà ọwọ́ rẹ̀ lára rẹ̀."

Àwọn àgbà obìnrin mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó. Ọ̀kan nínú wọn gbé ìka sókè bí mo ṣe gbé e, ó fi lé ojú ilà. Ó ní, "Ìka ọ̀lẹ! Ràfátù ni!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò sunkún níwájú wọn. Ṣùgbọ́n orí mi wú lọ́jọ́ náà. Ìkòkò tí obìnrin tí kò mọ lẹ́tà A ṣe yìí, omi ń dúró nínú rẹ̀ kí òórùn má padà wọlé, ẹrẹ̀ ń jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀, omi mímọ́ ń lọ. Ohun kan náà ni ọrùn pẹ́pẹ́yẹ tí mo fowó rà ní Ọ̀mù-Àrán ń ṣe. Wọ́n ṣe tiwọn ní ilé iṣẹ́. Ìyá mi ṣe tirẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà, ó sì padà lọ sílé lọ dáná.

A hú ìkòkò náà. Òòlù Sàlíhù ti là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, páìpù irin rẹ̀ sì ti jẹ tán. Ó ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Màmá ní kí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí gbogbo ẹni tó ń wọlé máa rí i. Mo ri ihò tuntun síbi tó ti kúrò, mo so páìpù oníike mọ́ ọn, ó jáde lọ sí kòtò tuntun tí a gbẹ́ tí a kó òkúta sí. Mo wá fọ́ gbogbo ilẹ̀ pupa yẹn. Sàlíhù ní, "Ilẹ̀ Bàbá Lawrence! Wọn yóò jí láti inú sàréè o." Mo ní kí wọ́n jí, kí wọ́n wá ru omi. Mo tẹ́ òmíràn, mo jẹ́ kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ga, kí àárín sì rẹlẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. N kò fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí a fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ tẹ́jú wọ̀n ọ́n. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi pa á, ojú rẹ̀ kò sì dán jù, kí ẹsẹ̀ lè rí ibi dì mú. Ideri tó ṣeé ṣí ni mo fi lé ojú ihò.

Nígbà tí sìmẹ́ńtì náà ṣì tutù, Tíṣà Barnabas wá. Ó ní ó yẹ kí a kọ nǹkan sára ògiri, òun sì ti ronú sí i. Ó kà á fún mi. Ìlà mẹ́jọ ni, Ràfátù kò sì dé inú rẹ̀ àfi ní ìlà keje. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo mú ìṣó, mo kọ ọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kọ:

RAFATU 1960. FULERA 1978. E MAA KO ERE RE LOSOOSU.

Ambrose dé ní Sátidé. Ó ti gbọ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí pé awakọ̀ tó gbé e láti Ọ̀mù-Àrán bi í bóyá lóòótọ́ ni wọ́n rí baba ńlá rẹ̀ ní balùwẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yíká.

Ó ní, "Ìyá Abdulrasaq, ilẹ̀ yìí kò tẹ́jú."

Mo ní, "Kò tẹ́jú. Mi ò fẹ́ kó tẹ́jú."

Màmá ní, "Ẹ jáde fún mi."

Ó gbé garawa omi rẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. A dúró síta. Mo gbọ́ tí omi ń já lulẹ̀. Mo ti ṣe ilé tó pọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kankan bí mo ṣe dúró lẹ́yìn ìyẹn. Ambrose náà ń fetí sílẹ̀. Nígbà tí Màmá ṣí ilẹ̀kùn, ó ti ró aṣọ, ọṣẹ ń ta sánsán lára rẹ̀. Ambrose na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ilẹ̀ tutù lásán ni, kò sí omi tó dúró lórí rẹ̀, àní èyí tí ẹyẹ ológoṣẹ́ lè mu. Ó bu omi kún igbá, ó dà á sí igun tó jìnnà jù. Omi náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá ń bọ̀ lọ́nà ihò bí ẹran tó mọ ilé. Ó dà á ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo jẹ́ kí ó dà á tán.

Ó ní, "Ó dáa. Màmá ń jókòó."

Màmá ní, "Mo ti jókòó tipẹ́. Ìwọ ni à ń dúró dè."

Ambrose bẹ̀rẹ̀, ó ka ohun tí mo kọ sí ẹsẹ̀ ògiri. Ó ní, "Ta ni yóò máa kó ẹrẹ̀ rẹ̀ lóṣooṣù? Ẹ ò gbọ́dọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ mọ́."

Màmá nu etí rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ. Ó ní, "Sàlíhù yóò máa bá mi kó o. Ṣùgbọ́n ní oṣù tí o bá wálé, ìwọ ni. Bàbá rẹ ló dí i pa."

Ìgbà mẹ́rin ló wálé ní ọdún yẹn. Tẹ́lẹ̀, ìgbà kan ni. Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ó sì kí ìyá rẹ̀ tán, á bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, á gbé e lé orí ìkòkò ìyá mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, á wọ balùwẹ̀.